Ọnọrébù Èwo Lẹ Ń Bú?

Nípàdé lańlọ́ọ̀dù àdúgbò wa lọ́jọ́ kan, Ọnọrébù nìkan la bú fún wákàtí kan gbáko. Tiransifọ́mà ti jó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títì ti di odò, ọmọ ìyá kan sin ìjọba tán kò ríṣẹ́, gbogbo ẹ̀ pátá, ọrùn Ọnọrébù la so ó kọ́. Bàbá alága wá ní ká kọ lẹ́tà. Sẹ́kítírì mú bíírò, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ dákun, Ọnọrébù èwo ni ká kọ ọ́ sí?" Kẹ́kẹ́ bá pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ẹnì kan dárúkọ èyí tó wà l'Ábùjá, ẹlòmíì dárúkọ ọkùnrin kan tí ìbò ti gbá lọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn dẹ̀ ní káńsílọ̀ lòun rò pé a ń bú látàárọ̀.

Ẹjọ́ wọn kọ́ ṣá o, torí orúkọ kan náà là ń pe gbogbo wọn. Káńsílọ̀, Ọnọrébù. Alága káńsù, Ọnọrébù. Komíṣọ́nnà, Ọnọrébù. Ẹni tó wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, Ọnọrébù, èyí tó wà nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá náà, Ọnọrébù. Àwọn sénétọ̀ nìkan ló ní orúkọ tiwọn. Àwọn sénétọ̀ yẹn jẹ́ 109, àwọn aṣojú-ṣòfin jẹ́ 360, àwọn méjèèjì ló ń ṣòfin fún gbogbo Nàìjíríà. Ti ìpínlẹ̀ lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, torí nínú gbogbo wọn, òun la mọ iṣẹ́ ẹ̀ kéré jù, bẹ́ẹ̀ òfin tó ń ṣe ló ń wọlé bá wa nínú yàrá. Mo bá ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá rí i láàárọ̀, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí wà nínú ẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé aṣòfin tiẹ̀, iye àwọn tó máa wà níbẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní 24, kò dẹ̀ gbọdọ̀ ju 40 lọ. Èkó ní 40, Ọ̀yọ́ ní 32, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ní 26 ọ̀kọ̀ọ̀kan, Kwara ní 24. Tẹ́ ẹ bá ṣà wọ́n jọ káàkiri ìpínlẹ̀ 36, àga 993 ni. Abuja ò ní tiẹ̀ o, àwọn tó ń ṣòfin fún gbogbo Nàìjíríà náà ló ń ṣòfin fún un. L'Ékòó ó rọrùn kéèyàn mọ tiẹ̀, torí ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nínú ìwé òfin, méjì méjì ni wọ́n pín wọn sí, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ Agége Kìíní, Agége Kejì. Àwọn káńsù 37 tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà ò sí nínú ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́, ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ 33, àga jẹ́ 32, àwọn kan ní aṣòfin méjì, àwọn míì dẹ̀ ń pín ẹyọ kan, bí Ìlà-oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀-oòrùn Ọ̀yọ́ ṣe ń pín in. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá ní òun ò mọ aṣòfin òun, ẹ má tíì bú u.

Kí n sọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, bẹ́ńṣì iwájú ilé ọ̀gá mi á ti kún. Ìyá kan á mú ìwé owó ọsibítù dání, bàbá kan á mú lẹ́tà tí yunifásítì fi gba ọmọ ẹ̀ wọlé, àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tiẹ̀ gbé ìwé ìpè ìgbéyàwó wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ti tẹ orúkọ ọ̀gá sórí ẹ̀ gàdàgbà pé òun ni Bàbá Ìgbéyàwó, ọ̀gá ò dẹ̀ rí wọn rí láyé ẹ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó wò mí, ó wọ inú yàrá lọ mú owó wá. Ìwé tí mo ń kọ orúkọ sí, mo fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, àdúgbò, ohun tó gbé e wá. Abẹ́ ohun tó gbé e wá yẹn, owó ilé ìwé, owó ọsibítù, owó ìsìnkú, owó òwò, iṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ló rí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló wá sọ̀rọ̀ òfin. Tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ni, ó ní ẹ̀dà àbádòfin kan lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó ti fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ká a sínú nílọ́ọ̀nù kí òjò má pa á. Ọ̀gá ò mọ ohun tó máa fún un.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí bàbá yẹn tìtorí ẹ̀ wá gan-an niṣẹ́ tí wọ́n dìbò yàn án fún. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í ṣe kọngílá. Kò ní owó títì lọ́wọ́, kò ní katakata, kò lè pàṣẹ fún ẹnjiníà kankan. Tí ẹ bá rí i tó gbẹ́ borehole tàbí tó ra tiransifọ́mà, yálà gómìnà ló fún àwọn aṣòfin láyè láti mú iṣẹ́ lọ sí àdúgbò wọn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àbí ó fowó ara ẹ̀ ṣe é kí wọ́n lè tún dìbò fún un. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ṣòfin, kó wo bí gómìnà ṣe ń náwó, kó dẹ̀ dá gómìnà dúró tó bá fẹ́ kọjá àyè ẹ̀. Òun náà ló ń yẹ àwọn tí gómìnà fẹ́ fi ṣe komíṣọ́nnà wò kí wọ́n tó wọlé.

Òfin wo wá ni wọ́n lè ṣe? Nínú ìwé òfin, àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá nìkan: sọ́jà, ọlọ́pàá, owó títẹ̀, pásípọ́ọ̀tù, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣòfin lé lórí, tí tìpínlẹ̀ bá dẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú ti Abuja, ti Abuja ló máa lékè. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tìpínlẹ̀ ni, èyí tó ṣẹ́ kù yẹn dẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Owó ilé, ilẹ̀, ọjà, bí wọ́n ṣe ń fi ọba jẹ, bí wọ́n ṣe ń darí ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo òfin ayálégbé Èkó ti 2011. Ilé aṣòfin ló ṣe é, Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí i. Ó ní lańlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó wọlé, ẹni tó bá dẹ̀ ti ń gbébẹ̀ tó ń san oṣooṣù, kò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Òfin ọ̀hún yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò kàn wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn 2011 ní Súrùlérè tàbí Mushin, òfin wà lẹ́yìn yín nígbà yẹn, ẹ ò kàn mọ̀ ni, tàbí ẹ mọ̀ ẹ sì nílò ilé, mo mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn náà ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀ 2020, nígbà tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu, ohun tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀ Yorùbá ṣe ni pé kálukú gbé e lọ sílé aṣòfin tiẹ̀, wọ́n sọ ọ́ dòfin láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá tún wo ọ̀rọ̀ iná, látìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin ṣe ní 2023, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí bí wọ́n ṣe ń pèsè iná àti bí wọ́n ṣe ń pín in nílẹ̀ tiwọn, Èkó, Oǹdó, Èkìtì àti àwọn míì dẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà lẹ́tà tiransifọ́mà wa yẹn kò burú pátápátá, ohun tó yẹ ká béèrè níbẹ̀ la ò mọ̀.

Bí àbádòfin ṣe ń dòfin, ó máa ń sú àwọn tó bá lọ wò ó nígbà àkọ́kọ́. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sókè níbi tí wọ́n ń fàwọn àlejò sí. Ọkùnrin kan gbé ọ̀pá àṣẹ wọlé, gbogbo ilé dìde, abẹnugan tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọ̀pá yẹn sórí tábìlì, torí láìsí i kò sí ìjókòó. Lẹ́yìn náà akọ̀wé ilé dìde, ó ka àkọlé àbádòfin kan, ó jókòó. Ó tán. Ìkà àkọ́kọ́ nìyẹn, àkọlé nìkan, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo ń wò yàn-àn. Ìkà kejì ni wọ́n ti máa ń jiyàn lórí ohun tí òfin náà dá lé, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e fún kọmítì, kọmítì ló ń tú u wò láti ìlà dé ìlà, kọmítì yẹn náà ló ń pe ìpàdé ìta gbangba níbi tí èmi àti ẹ̀yin ti lè lọ sọ tẹnu wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ síbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ lańlọ́ọ̀dù, àwọn oníléeṣẹ́, àwọn lọ́yà máa ń lọ, wọ́n á mú ìwé wọn dání ní ẹ̀dà ogún, àwọn tí òfin náà máa dé bá nínú yàrá ni kì í sí níbẹ̀. Tí kọmítì bá ti jábọ̀, ìkà kẹta, ìbò, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà.

Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Tó bá kọ̀, ilé aṣòfin lè dá a padà síbò, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá dẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ó ti dòfin nìyẹn, ìfọwọ́sí gómìnà ò wúlò mọ́. Agbára ńlá nìyẹn o. Ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ pé wọ́n lò ó.

Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wà níjókòó kí wọ́n tó lè ṣe nǹkan kan, wọ́n dẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 lọ́dún, ó kéré tán. Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìwé òfin gbà wọ́n láyè láti lo èdè ìpínlẹ̀ wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ilé aṣòfin Èkó máa ń fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀, tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ lọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí i pé àwọn kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń mú lọ́fun máa ń já geere lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó dẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ ọba London á wá máa kólòlò.

Ó wá ku owó. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń díjú. Gómìnà ló ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wá, ilé aṣòfin ló ń yẹ̀ ẹ́ wò tó ń fọwọ́ sí i, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé òfin fọwọ́ sí i. Wọ́n lè pe komíṣọ́nnà wá kó wá ṣàlàyé, wọ́n lè lọ síbi iṣẹ́ lọ wò ó bóyá ilé ìwé tí wọ́n ní àwọn kọ́ wà níbẹ̀. Lórí ìwé nìyẹn. Ọ̀dọ̀ gómìnà yẹn náà ni owó tí ilé aṣòfin fi ń ra mọ́tò, tó fi ń ra dísù, tó fi ń tún òrùlé tó ń jò ṣe ti ń wá látọjọ́ pípẹ́. Ṣé ẹni tó ń fún ọ lówó oúnjẹ lo fẹ́ tú àpò ẹ̀ wò? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní rọ́bà-sítáǹpù, ohun tí gómìnà bá ti gbé wá, gbà, tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó wá dùn mí níbẹ̀ ni pé ní 2010, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìwé òfin ṣe kí owó ilé aṣòfin máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fúnra wọn ni wọn ò gbà. Ẹ ẹ̀ ṣìí kà o. Kí àtúnṣe ìwé òfin tó lè wọlé, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Àwọn gómìnà ò fẹ́ ẹ, ó tán síbẹ̀. Ní 2018 ó wá wọlé, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i, àwọn ìpínlẹ̀ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ní 2020 Buhari fàṣẹ ààrẹ tì í lẹ́yìn, àwọn ìpínlẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù, ní 2022 kóòtù tó ga jù ní ààrẹ ò lágbára láti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní 2023 wọ́n tún mú ọ̀rọ̀ náà bọ inú ìwé òfin lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó ṣe rí nìyẹn.

Tí aṣòfin bá wá fẹ́ fi agbára ẹ̀ hàn gómìnà, ó láṣẹ láti yọ ọ́ nípò, ọ̀nà ẹ̀ ló gùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé ẹ̀sùn. Láàárín ọjọ́ 14, ilé máa dìbò bóyá kí wọ́n ṣèwádìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa gbà á. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ á wá yan èèyàn méje tí kì í ṣe olóṣèlú, tí kì í ṣòṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ní oṣù mẹ́ta láti wádìí ẹ̀. Tí àwọn méje yẹn bá ní ẹ̀sùn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó parí. Tí wọ́n bá ní ó jẹ̀bi, ilé tún máa dìbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i, gómìnà dilé.

Ẹ lọ bi àwọn ará Ìbàdàn nípa 2005 sí 2006. Ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ jẹ́ èèyàn 32, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 22. Àwọn 18 kó ara wọn jọ, wọ́n lọ jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nígboro Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá 2005, wọ́n ní ìjókòó ilé ni, ní January 12, 2006 wọ́n ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Igbákejì ẹ̀, Alao-Akala, gba ipò. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ka nọ́ḿbà mọ̀ pé 18 kì í ṣe 22, ṣùgbọ́n oṣù mọ́kànlá ló gbà kó tó dájú, ó di December 7, 2006 kí kóòtù tó ga jù tó sọ pé ohun tí wọ́n ṣe ò bófin mu: wọn ò pé, hòtẹ́ẹ̀lì dẹ̀ kì í ṣe ilé aṣòfin. Ládọjà padà sórí àga. Lónìí Kábíyèsí ni, òun ni Olúbàdàn láti September 2025. Àwọn tí ò tíì dáyé nígbà yẹn, wọn ò mọ̀ pé bàbá tó dé adé yìí ti fi ìṣirò ìdá méjì nínú mẹ́ta kọ́ gbogbo Nàìjíríà lẹ́kọ̀ọ́.

Láàárín ara wọn náà, ogun ò tán. Abẹnugan ló ń darí ilé, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló yàn án, àwọn náà ló lè yọ ọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ni. Èkìtì ní 2022, abẹnugan kú ní October, wọ́n yan Gboyega Aribisogan ní November 15, ní November 21 wọ́n ti yọ ọ́, Olubunmi Adelugba bọ́ síbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa ṣe é ní Èkìtì. Èkó ní January 2025, Mudashiru Obasa tó ti wà níbẹ̀ láti 2015 rìnrìn àjò lọ sókè òkun, kó tó dé wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi Mojisola Meranda síbẹ̀, òun náà lobìnrin àkọ́kọ́ l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di March 3, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀, Obasa padà sórí àga. Àwọn àgbà tó bá rántí 1962 ò ní kọ háà, torí nílé aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àga ló ń fò, ọlọ́pàá ju tajútajú sí gbogbo wọn lára.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀? Kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (30 ni tẹ́lẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní 2018 ló dín in kù), kó ti kàwé dé ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan dẹ̀ fà á kalẹ̀, torí kò sí pé mo fẹ́ dá dúró lórílẹ̀-èdè yìí. Fífà kalẹ̀ yẹn lewu ẹ̀. Fọ́ọ̀mù APC fún ìbò 2023, mílíọ̀nù méjì náírà ni fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ti gómìnà jẹ́ 50 mílíọ̀nù. Mílíọ̀nù méjì yẹn gan-an ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wà, àwọn adarí wọ́ọ̀dù wà, gómìnà fúnra ẹ̀ dẹ̀ lẹ́ni tó fẹ́. Nígbà míì, lẹ́yìn tí ìdìbò abẹ́lé bá ti parí, ìbò gbogbogbòò di àfikún lásán. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dì í pẹ̀lú ti gómìnà, àyàfi níbi tí ti gómìnà ti yà sọ́tọ̀ bíi Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Oǹdó, níbẹ̀ ti aṣòfin nìkan ni wọ́n máa ń dì lọ́jọ́ náà, èèyàn dẹ̀ kì í pọ̀.

Tó bá wọlé tán, tìríbúnà ṣì wà níwájú. Ẹni tó fìdí rẹmi ní ọjọ́ 21 láti pẹjọ́, tìríbúnà ní ọjọ́ 180, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60, ibẹ̀ ló parí sí fún aṣòfin. Ti gómìnà ló lè dé kóòtù tó ga jù. Ìyàtọ̀ kékeré yìí sọ àwọn aṣòfin PDP 16 ní Plateau di ẹni ìta ní 2023. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yọ wọ́n, ó dẹ̀ yọ gómìnà wọn náà lórí ọ̀rọ̀ tó jọra. Gómìnà gba kóòtù tó ga jù lọ, ní January 2024 wọ́n dá a láre, àwọn adájọ́ gan-an ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn yòókù ò dáa. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí àwọn 16 yẹn fi lè tẹ̀ lé e dé ibẹ̀.

Kódà tí kò bá sí ẹjọ́, gómìnà ló máa kọ̀wé pé kí ilé ṣí. Edo ní 2019, òru ni wọ́n ṣí i, díẹ̀ nínú àwọn 24 ló mọ̀, ju mẹ́wàá lọ nínú wọn ò gba ìbúra títí wọ́n fi ní àga wọn ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Àga náà lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lójijì. Tó bá yẹra fún ìjókòó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó ọdún lọ láìsí ìdí gidi, ó lọ. Tó bá sá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé, ó lọ, àyàfi tí ẹgbẹ́ bá pín tàbí dà pọ̀ mọ́ òmíì, kóòtù tó ga jù dẹ̀ ti sọ ní 2015 nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Oǹdó pé ìjà wọ́ọ̀dù tàbí tìpínlẹ̀ kì í ṣe ìpínyà, gbogbo ẹgbẹ́ láti òkè ló gbọ́dọ̀ pín. Ẹ̀yin náà lè pè é padà sílé. Ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn yẹn, ó lé ẹnì kan, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, INEC á yẹ ìbuwọ́lù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá dìbò bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é fún Sénétọ̀ Dino Melaye ní 2018, ibi yíyẹ ìbuwọ́lù wò ló ti fọ́.

Àwọn kan máa ń fi ibẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn. Solomon Adeola tí gbogbo èèyàn ń pè ní Yayi, ilé aṣòfin Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ó lo sáà méjì, ó lọ sílé aṣojú-ṣòfin ní 2011, ó di sénétọ̀ ní 2015. Adebo Ogundoyin wọlé ní Ọ̀yọ́ nínú àtúndì ìbò 2018 lẹ́yìn tí abẹnugan tó wà níbẹ̀ kú, lọ́dún tó tẹ̀ lé e òun náà di abẹnugan. Ṣùgbọ́n àwọn púpọ̀, sáà kan ló ń mọ.

Ọ̀gá mi ò padà. Ọdún mẹ́rin géérégé láti ọjọ́ ìjókòó àkọ́kọ́, ilé máa tú ká fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan sí i. Wọ́n san owó ìdágbére fún wọn, ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń dá owó wọn lé ṣe là á kalẹ̀, ó san gbèsè ìbò nínú ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jí síbẹ̀ bí mo ṣe máa ń jí, mo gbé ìwé mi dání. Bẹ́ńṣì ṣófo. Nígbà tó di bí aago mẹ́jọ, mo rí tísà àgbà yẹn tó ń bọ̀, ó mú nílọ́ọ̀nù ẹ̀ dání. Ó kí wa, ó jókòó, ó béèrè pé àbádòfin àwọn arúgbó, ibo ló dé o. Ọ̀gá ní, "Bàbá, ìkà kejì ló wà nígbà tí ilé tú ká. Àbádòfin tó bá ti bá a níbẹ̀, ó ti kú nìyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ làwọn tuntun máa ti bẹ̀rẹ̀." Bàbá mi orí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí bóyá mo mọ ilé ẹni tuntun tó wọlé, mo kọ àdírẹ́sì ẹ̀ fún un lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, ó ká wọn padà sínú nílọ́ọ̀nù, ó dìde.